Bí Àwọ̀ Mẹ́rin Kò Bá Fẹnu Kò: Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ Sọ Níbi Ìpàdé Ìpalẹ̀mọ́ Ọdún Kẹwàá

  

Ẹ ní kí ìgbìmọ̀ ìwé àjọ̀dún wá ṣàlàyé ìdí tí ìwé wa fi pẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kọjá ọjọ́ tí a dá. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá owó ni kò pé. Owó pé. Akápò wà níbí, ẹ lè bi í. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló fà á. A lè kàn ní kí ẹ má bínú, kí a sì jókòó. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí nídìí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ìwé nìkan. Ó kan bí ènìyàn ṣe ń wá ìdí ìṣòro kí ó tó na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ pé ogún ọdún nílò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa. A ó sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán aláwọ̀, a ó sọ ohun tó ṣe tiwa, a ó sì sọ bí a ṣe mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Ìwé títẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1854 ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run nì, Henry Townsend, dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn ti jáde ní ọdún 1859. Láyé ìgbà náà, lẹ́tà òjé ni wọ́n ń tò ní ẹyọ ẹyọ, tí wọ́n ń fi yíǹkì pa, tí wọ́n sì ń tẹ̀ mọ́ bébà ní tààrà. Òfúsẹ́ẹ̀tì tí a ń lò lónìí yàtọ̀ sí i. Ará Jámánì kan, Alois Senefelder, ló bẹ̀rẹ̀ ìdí rẹ̀ ní ọdún 1796, nígbà tó rí i pé òróró àti omi kì í gbé pọ̀ lórí òkúta. Ó fi ohun ọlọ́ràá kọ̀wé sórí òkúta, ó fi omi rẹ òkúta náà, ó fi yíǹkì pa á, yíǹkì sì dúró síbi ìkọ̀wé nìkan. Nígbà tó di ọdún 1904, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, òǹtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Ira Rubel ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rọ bá yí láìsí bébà nínú rẹ̀, iṣẹ́ á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ rọ́bà, rọ́bà á sì gbé e lé ẹ̀yìn bébà tó tẹ̀ lé e. Èyí tí rọ́bà gbé lé e yìí mọ́lẹ̀ ju èyí tí òkúta tẹ̀ ní tààrà lọ. Láti ibẹ̀ ni rọ́bà ti di ara ẹ̀rọ.

Lónìí, kì í ṣe òkúta mọ́. Alùmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí àwọn òǹtẹ̀wé ń pè ní plate. Wọ́n á wé e mọ́ rólà ńlá kan. Omi á kọ́kọ́ kàn án, yíǹkì á tẹ̀ lé e. Plate á gbé iṣẹ́ fún rọ́bà tí wọ́n ń pè ní blanket, rọ́bà á sì gbé e fún bébà. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń tẹ gbogbo àwòrán tí ẹ ń rí: búlúù tí wọ́n ń pè ní cyan, pupa tí wọ́n ń pè ní magenta, ìyeyè, àti dúdú. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní plate tirẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ wa elésè àlùkò, kò sí yíǹkì elésè àlùkò nínú ẹ̀rọ náà rárá. Tótótó búlúù àti tótótó pupa ló jókòó sún mọ́ ara wọn, ojú ẹ̀dá ló pa wọ́n pọ̀ di elésè àlùkò.

Tótótó wọ̀nyí kéré púpọ̀. Nínú iṣẹ́ tó dára, ìlà tótótó 150 ló wà nínú íǹṣì kan. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀: àárín ìlà kan sí èkejì jẹ́ bíi 0.17 mílímítà. Ìyẹn ni pé bí plate kan bá yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà péré, ó ti ju ìdajì ìlà lọ, ojú sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i létí lẹ́tà kékeré. Kí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó lé ara wọn láìyẹ̀ ni àwọn òǹtẹ̀wé ń pè ní rẹ́jísítà. Kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gún, wọ́n máa ń fi àmì àgbélébùú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ plate kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá gún, àgbélébùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ọ̀kan. Bí kò bá gún, ẹ ó rí méjì tàbí mẹ́ta níbi tó yẹ kí ẹ ti rí ẹyọ kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé orí tiwa.

Ṣómólú l'Ékòó ni a gbé iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé kan. Ẹni tó ń to iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà wà ní ìsọ̀ kan, ẹni tó ń ṣe plate wà ní òdìkejì títì, ẹni tó ni ẹ̀rọ wà níbòmíràn, ẹni tó ń gé bébà àti ẹni tó ń di ìwé ní ìsọ̀ tiwọn. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà níbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan á máa na ìka sí èkejì.

Heidelberg GTO 52 ni wọ́n fi tẹ èèpo ìwé wa, ẹ̀rọ Jámánì tí bébà rẹ̀ kì í ju 36 sí 52 sẹ̀ǹtímítà lọ. Èyí tí wọ́n lò fún tiwa jẹ́ aláwọ̀ kan, ìyẹn ni pé bébà kan náà gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin kí àwòrán tó pé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé ibẹ̀ láti wo iṣẹ́, a bá àwòrán gbogbo wa nínú aṣọ ẹgbẹ́. Apá òkè fanimọ́ra. Bí ojú ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni nǹkan ń yí padà. Aṣọ àwọn tó jókòó níwájú ní etí búlúù lápá kan, ó ní etí pupa lápá kejì. Gèlè Ìyá Ẹgbẹ́ ti di méjì. Ààrẹ wa tó rẹ́rìn-ín músẹ́ wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tán.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Onílé ìtẹ̀wé ní plate ni kò dára. Ẹni tó ṣe plate ní plate òun kò ní àbùkù, ẹ̀rọ ló ti gbó. Onílé ìtẹ̀wé ní ẹ̀rọ òun kò gbó, ẹni tó gé bébà ni kò gé e gún. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ síwá sẹ́yìn ni ẹ̀bi náà ń sọ̀kalẹ̀, títí tó fi bà lé orí ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀: ọmọ iṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ. Ọmọ náà kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ tí yóò fi gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí àwọn òbí rẹ̀ wá san owó bébà tó bàjẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fíríìdọ̀mù di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ náà kò fọhùn. Ó kàn ń fi èékánná yọ yíǹkì tó gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Àwa la ni iṣẹ́, ẹnu wa ni gbogbo wọn ń wò. Bí a bá ní kí ọmọ náà san án, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, wọ́n á tún èèpo tẹ̀ fún wa, a ó sì gba tiwa lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbi tí a dé yìí, a kò tilẹ̀ tíì gbọ́ ti ẹnì kankan dáadáa. A kò tíì gbọ́ ti bébà fúnra rẹ̀.

Àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ báǹkì mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí ìwé owó kò bá dọ́gba ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ́ tó ń kówó ni gbogbo ojú á kọ́kọ́ yí sí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í pariwo. Iye tó yàtọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí iye náà bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, yóò lọ wá ibi tí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì kọjá ara wọn, bí ẹni kọ 4,500 dípò 5,400. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 900, mẹ́sàn-án sì pín in dọ́gba. Kì í ṣe olè, kì í ṣe àjẹ́, ọwọ́ ló yẹ̀. Àṣìṣe ní àwòrán tirẹ̀, ẹni tó bá wò ó dáadáa, àwòrán náà á júwe ibi tó ti wá. Ohun tí a bi wọ́n ní Ṣómólú nìyí: ta ló wà níbí tó lè ka àwòrán àṣìṣe yìí fún wa?

Àgbà òǹtẹ̀wé kan wà ní ìsọ̀ kejì, tó ti fẹ̀yìn tì, tó kàn máa ń jókòó síbẹ̀ gba atẹ́gùn. A lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà kò mú sípánà. Awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ló yọ jáde lápò, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mú ogún ojú bébà wá bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, kí ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí wọn láti 1 dé 20. Ó wá bi bébà náà ní ìbéèrè mẹ́ta. A kọ wọ́n sílẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ̀wé lè bi wọ́n.

Ìbéèrè kìíní: ṣé àwọ̀ ló yẹ̀ lára wọn, àbí àwọ̀ kan ṣoṣo ló di méjì? Ó fi awò sórí búlúù nìkan. Bí tótótó àwọ̀ kan bá ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kan bí plate ṣe jókòó. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà ló dẹ̀, pàápàá rọ́bà tuntun tí wọn kò tún fà le lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìka irin ẹ̀rọ tí kò gbá bébà mú dáadáa. Bí ẹni bá ń yí plate kiri nítorí irú èyí, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀, tótótó búlúù dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kejì: ṣé ìyẹ̀sí náà dúró lójú kan, àbí ó ń rìn? Ó wo àmì àgbélébùú lórí ogún bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lọ sọ́tùn-ún lórí bébà kẹta, tó lọ sósì lórí ìkeje, tó gún lórí ìkẹsàn-án, ẹ fi plate lọ́rùn sílẹ̀. Plate tí wọ́n dè mọ́ irin kò lè máa jó kiri báyẹn. Bébà ni kò wọlé sójú kan náà nígbà gbogbo. Ẹ wo ibi tí bébà ti ń fara ti níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìka irin tó gbá a mú, ẹ wo ìka irin náà bóyá ọ̀kan ti dẹ̀, ẹ wo etí bébà bóyá wọ́n gé e gún, ẹ sì dín eré ẹ̀rọ kù. Bébà tí wọ́n bá fẹ́ yí padà tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, etí kan náà tó fara ti lákọ̀ọ́kọ́ ni kó tún fara ti. Bí àmì bá sì ń sún díẹ̀díẹ̀ sí apá kan láti bébà kìíní dé ogún, tí kò padà sẹ́yìn rárá, ìgbà náà ni kí ẹ wo ìdè plate, ó ṣeé ṣe kó ti máa tú.

Bàbá náà fi ọgbọ́n kan kún un tí a nífẹ̀ẹ́ sí gan-an. Ó ní bí iyè méjì bá wà, kí wọ́n mú plate kan ṣoṣo, kí wọ́n fi tẹ bébà kan, kí wọ́n sì tún da bébà kan náà padà sẹ́nu ẹ̀rọ láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ìlà tuntun bá bọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ń gba bébà dáadáa. Bí ìlà bá di méjì, kì í ṣe ẹni tó ṣe plate ni kí ẹ bá wí, nítorí plate kan náà ló ṣe ìlà méjèèjì. Wọ́n dán an wò níṣojú wa. Ìlà bọ́ lé ìlà.

Ìbéèrè kẹta: bí ìyẹ̀sí bá dúró lójú kan, irú ìrísí wo ló ní? Mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Bí àwọ̀ kan bá yẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, plate náà lódindi ló jókòó síbi tí kò yẹ, wọ́n kàn máa sún un ni. Bí ó bá lọ sókè lápá ọ̀tún tó sì lọ sísàlẹ̀ lápá òsì, plate ti wọ́. Wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á dẹ ìdè apá kan kí wọ́n tó fa ti apá kejì. Ẹni tó bá ń fà níbi tí apá kejì ti há á fa alùmíníọ̀mù náà gùn tàbí kó ya á níbi tó ti ṣẹ́ po. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìrísí kẹta ni èyí tó gún níbi tí ìka irin ti gbá bébà mú, tó wá ń yẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sí ìdí bébà. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí, tiwa nìyẹn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí nọ́ọ̀tì tí ẹ lè yí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi gún. Bí ẹ bá tún òkè ṣe, ìdí á bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé àwòrán méjèèjì kò gùn bákan náà. Ó lè jẹ́ pé plate kan gùn ju èkejì lọ. Bàbá náà tẹ́ plate mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó fi rúlà irin wọn ọ̀nà láti àmì òkè dé àmì ìsàlẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó lè jẹ́ bébà tí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ plate. Bí abẹ́ plate bá ga jù, àwòrán á kúrú, bí wọ́n bá sì gbé díẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sábẹ́ rọ́bà, àwòrán á gùn. Wọ́n yẹ ìyẹn náà wò, ó ṣe déédéé.

Ó wá tún fi awò wo àmì náà, ó pe gbogbo wa, ó ní kí a wò ó. Ìyeyè àti pupa wà lórí ara wọn gẹ́lẹ́. Búlúù àti dúdú wà lórí ara wọn gẹ́lẹ́. Ìyeyè àti pupa ni kò bá búlúù àti dúdú mu. Méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́, ó bi í pé, "Kí ló wà láàrin pupa àti búlúù?" Ọmọ náà dáhùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Bàbá, òru ni. Iná lọ."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tú. Wọ́n tẹ ìyeyè àti pupa ní ọjọ́ kan. Iná ọba lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tán, ọ̀gá ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó di ọ̀la. Bébà sùn síta gbangba láìbò, ọyẹ́ sì ń fẹ́ ní gbogbo òru. Bébà dà bí awọ ìlù. Ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá a padà. Nígbà òjò ó ń fẹ̀, nígbà ọyẹ́ ó ń súnkì. Ó sì máa ń súnkì ní ìbú iṣan rẹ̀ ju gígùn iṣan lọ. Ẹ tún bá wa ṣe ìṣirò: bí apá tó jẹ́ 36 sẹ̀ǹtímítà bá súnkì ní ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún, 0.36 mílímítà ti lọ nìyẹn, ó sì ju ìlà tótótó méjì lọ. Pupa àti ìyeyè bá bébà súnkì lóru. Nígbà tí búlúù àti dúdú fi dé láàárọ̀, wọ́n bá bébà tó ti kúrú. Plate kò ṣẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. Ẹni tó gé bébà kò ṣẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó bo bébà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

A óò yin onílé ìtẹ̀wé náà. Kò jiyàn mọ́. Ó ní òun lòun ní kí iṣẹ́ di ọ̀la, òun lòun ó ra bébà mìíràn. Ó sì sọ lójú gbogbo wa pé ọjọ́ fíríìdọ̀mù ọmọ náà kò yí padà. Àwa náà ní tiwa: a kò ní fi ọjọ́ há wọn láyà. A fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni ẹ fi ń retí ìwé. Ìgbìmọ̀ rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, a sì gbàgbọ́ pé ẹ̀yin náà yóò rí i bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyí. Wọ́n gbé bébà tuntun wọ inú yàrá ẹ̀rọ ní odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ó lè bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọra. Wọ́n rí i pé iṣan bébà lọ ní ìbámu pẹ̀lú gígùn rólà, nítorí pé bí ó bá tilẹ̀ súnkì, ibi tí wọ́n ti lè fi bébà abẹ́ plate tún un ṣe díẹ̀ ni yóò ti súnkì. Wọ́n ra epo sílẹ̀ kí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè tẹ̀ léra láìsí òru láàrin. Láàrin àwọ̀ kan sí èkejì, wọ́n fi ọ̀rá bo bébà yíká. Wọ́n pa fáànù tó kọjú sí i. Kò sí èyí tó la owó ńlá lọ nínú gbogbo rẹ̀. Èèpo tuntun ti jáde, ẹ ó rí i. Gèlè Ìyá Ẹgbẹ́ ti padà di ẹyọ kan.

Kí a tó jókòó, a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ tẹ̀wé, ìbáà ṣe ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó tàbí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ṣe fi lẹ́tà funfun tín-ín-rín sínú àwọ̀ tó jẹ́ àpapọ̀ mẹ́rin. Bí àwọ̀ kan bá yẹ̀ díẹ̀, yóò wọ inú funfun náà, àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá ni yóò sì kọ́kọ́ dí. Orúkọ ọmọ ènìyàn á yí padà lójú ìwé. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ti lọ fi jẹ́ dúdú lórí funfun, plate kan ṣoṣo. Àwọ̀ kan kì í bá ara rẹ̀ jà. A kò fẹ́ kí orúkọ wọn ní òjìji kankan.

Èkejì, ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí bébà tí wọ́n tẹ̀ láti ara ẹ̀rọ gan-an, kì í ṣe ti ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo àmì àgbélébùú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má wo àárín nìkan. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ lọ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìnáwó, kí ẹ wá máa retí pé kí bébà gbẹ kí ó sì gún. Bí ẹ bá sì wà nínú yàrá ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fọwọ́ kan plate nígbà tí ẹ̀rọ ń yí. Etí alùmíníọ̀mù ń gé ọwọ́, rólà kì í sì mọ olóyè.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọdún mẹ́wàá ni a ti jọ rìn. Láàrin ọdún mẹ́wàá, ohun tó yẹ̀ kò ní ṣe àìyẹ̀: owó àjọ tó pẹ́, aṣọ ẹgbẹ́ tí kò kárí, ìpàdé tí ẹnì kan kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa bi ọ̀rọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ṣé ohun tí a rò pé ó jẹ́ ni ó jẹ́ lóòótọ́? Ṣé ó dúró lójú kan, àbí ó ń rìn? Báwo ló ṣe rí láti orí dé ìdí? Kí a tó rí ìdáhùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ọmọ tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ tí yóò gbé ẹrù náà fún.